Jíìpù Oníná Nínú Agbo-ilé: Ẹ̀kọ́ Lórí Yúnìtì, Wáyà àti Owó

Nígbà tí Àǹtí mi gbé jíìpù tòkunbọ̀ wọn dé agbo-ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Audi e-tron 55 tí kò lo epo rárá, ohun tí gbogbo ilé kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé kò pariwo. Àwọn ọmọdé sáré lọ sẹ́yìn rẹ̀ láti wo ibi tí èéfín ń gbà jáde, wọn ò rí nǹkan kan. Gbogbo wa bá Àǹtí yọ̀, a mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a sì ya fọ́tò.

Ọjọ́ kẹta ni ìjà dé. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Àǹtí ti wáyà ọkọ̀ náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò sì yọ ọ́ títí di aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Àìkú. Ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn oníná ò mú iná lọ rárá. Mítà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò, a sì jọ dá owó rà á ni. N20,000 tí a fi sí i ní ọjọ́ Ẹtì náà tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹja tó wà nínú fíríísà Ìyá tó ń ta ẹja tútù níwájú ilé yọ́, ó sì bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Wọ́n pèpàdé. Àǹtí ní kí ló dé, ṣebí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn fi ń ṣáàjì fóònù náà ni àwọn lò. Ìyá ẹlẹ́ja ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹkún ni wọ́n ń sun. Ni Bàbá tó dàgbà jù nínú ilé bá kọjú sí mi: “Ìwọ tó o wà ní yunifásítì, kí ni ọkọ̀ yìí ń jẹ gan-an? Ṣàlàyé ẹ̀ fún wa, má sì sọ òyìnbó.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé Yorùbá ni mò ń kà, n kì í ṣe ẹnjiníà. Mo tọrọ ọjọ́ méjì. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ iná mànàmáná pé kó bá mi yẹ ìṣirò mi wò. Ohun tí mo padà sọ fún agbo-ilé ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

1. Kí ni yúnìtì?

Ẹ fọkàn ro táǹkì omi tó wà lókè ilé. Bí táǹkì náà bá ṣe ga tó ni omi yóò ṣe fi agbára wá sísàlẹ̀ tó: ìyẹn ni *fọ́ltì*. Ìwọ̀n omi tó ń gba inú páìpù kọjá ni *áńpù*. Bí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀, iṣẹ́ tí iná ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ló jáde, ìyẹn *wáàtì*. Orúkọ èèyàn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá: Volta ará Ítálì, Ampère ará Faransé, àti James Watt ará Scotland.

Fọ́ltì × áńpù = wáàtì. Wáàtì 1,000 ni kílówáàtì 1. Bí a bá lo kílówáàtì 1 fún wákàtí 1, yúnìtì 1 la jẹ nínú mítà. Gílóòbù oníwáàtì 10 gbọ́dọ̀ tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ yúnìtì 1. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 á jẹ ẹ́ ní wákàtí 1.

Ẹ jẹ́ ká wo ti ọkọ̀ wàyí. Wáyà tí Àǹtí lò ń fa áńpù 10 lórí fọ́ltì 230. 230 × 10 = 2,300, ìyẹn kílówáàtì 2.3. Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì dé ìdájí ọjọ́ Àìkú jẹ́ wákàtí 30. 2.3 × 30 = yúnìtì 69.

Yúnìtì mélòó ni N20,000 rà? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó wà ní Band A, tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, máa san N225 lórí yúnìtì kan. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún náà, ó ti wá sí N209.5. Bí a bá fi owó-orí VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, lé N209.5, ó padà di nǹkan bí N225. Iye yìí ni n ó fi ṣe gbogbo ìṣirò mi. N20,000 pín sí N225 jẹ́ yúnìtì 89. Ẹ yọ 69 kúrò níbẹ̀: 20 péré ló kù fún gbogbo ilé, tàwọn ti fíríísà.

Ti fóònù tí Àǹtí mẹ́nu bà ńkọ́? Bátìrì fóònù ńlá kan kì í gbà ju nǹkan bí yúnìtì 0.02 lọ. Bátìrì e-tron 55 gba nǹkan bí 86.5. Lóòótọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni, àmọ́ jíìpù kan dà bí fóònù tó lé ní 4,000.

2. Ṣé èrè wà nínú rẹ̀?

Bàbá bi mí pé ṣé Àǹtí kúkú fi owó ṣòfò ni. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti pé. Ká ní wọ́n ń wa kìlómítà 40 lójúmọ́. Jíìpù tó wúwo báyìí lè jẹ yúnìtì 25 lórí kìlómítà 100, ìyẹn 10 lójúmọ́. Díẹ̀ máa ń ṣòfò bí iná ṣe ń wọ bátìrì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pè é ní 11 láti ara mítà. 11 × N225 = N2,475.

Jíìpù ẹlẹ́pẹntiróòlù tó ń jẹ lítà 14 lórí kìlómítà 100 yóò jẹ lítà 5.6 lójúmọ́ kan náà. Ká fi lítà kan sí N900: N5,040 nìyẹn. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ N2,565 lójúmọ́. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 25, ó jẹ́ N64,125 lóṣù.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́, tí a wá fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì rẹ̀? Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í fi lítà epo kan ṣe ju nǹkan bí yúnìtì 2 lọ. Yúnìtì 11 yóò gba lítà 5.5, ìyẹn N4,950. Ẹ fi wé N5,040. Èrè ọjọ́ kan ti di N90, èéfín tí jíìpù náà ò tú sì ti di ti jẹnẹrétọ̀ nínú agbo-ilé. Ẹni tí kò bá rí iná tó dúró, tàbí oòrùn tó gbé sórí òrùlé, kó má tíì ra ọkọ̀ oníná nítorí èrè. Ọ̀nà ti oòrùn kì í ṣe àlá: ní ọdún 2021, àjọ NADDC ṣí ibùdó tí wọ́n ti ń fi agbára oòrùn ṣáàjì ọkọ̀ ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sokoto, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ sí UNILAG pẹ̀lú.

3. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Ibí yìí ni ọkọ̀ oníná ti ń fakọ yọ ní Èkó. Ẹ́ńjìnnì epo ń jẹun lórí ìdúró, ṣùgbọ́n mọ́tò oníná tí kò bá yí kò jẹ nǹkan kan. Kìkì ẹ̀rọ amúlétutù, rédíò àti iná ọkọ̀ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí Àǹtí bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Third Mainland Bridge wọ Adéníjì Àdèlé, tí wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀, mọ́tò náà á yí padà di jẹnẹrétọ̀, á sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Ọkọ̀ tó wúwo tó kìlógíráàmù 2,500, tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ní agbára eré tó nǹkan bí yúnìtì 0.1. Bíréèkì ọkọ̀ epo á sọ gbogbo rẹ̀ di ooru tó fò lọ. Ọkọ̀ oníná á rí apá kan gbà padà.

4. Wáyà àti omi

Owó kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Ooru inú wáyà kì í pọ̀ sí i ní ọgbọọgba pẹ̀lú áńpù: bí áńpù bá di ìlọ́po 2, ooru á di ìlọ́po 4. Àǹtí ti ń gbèrò láti ra ṣájà oníáńpù 32. Ìlọ́po 3.2 ni 32 jẹ́ fún 10. Lórí wáyà kan náà, ooru rẹ̀ á lé ní ìlọ́po 10. Wáyà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ọ̀pọ̀ wákàtí ni yóò sì fi máa gbóná lóru nígbà tí gbogbo èèyàn bá sùn. Kò sí ará Erékùṣù tó gbàgbé bí iná ṣe jó ọjà Balógun ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Ilé wa àti ti aládùúgbò jọ fara kan ara ni.

Èkejì ni àgbàrá. Wọ́n dí bátìrì ọkọ̀ oníná dáadáa, òjò lásán kò lè ṣe é ní nǹkan. Omi iyọ̀ ló burú. Lẹ́yìn ìjì Ian ní Florida ní ọdún 2022, àwọn ọkọ̀ oníná kan tí omi òkun bò gbiná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Etí ọ̀sà ni a wà. Bí omi bá ti ń kún, ibi gíga ni kí ọkọ̀ náà sùn.

5. Ohun tí ilé fẹnu kò sí

Nígbà tí mo parí, Àǹtí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá kúnlẹ̀ fún Bàbá, wọ́n bẹ Ìyá ẹlẹ́ja, wọ́n sì san owó ẹja náà. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ni, mo sì gbà wọ́n gbọ́, nítorí èmi náà ò mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Oníṣẹ́ iná fa wáyà tó nípọn ní ọ̀tọ̀ láti ẹnu mítà, ó ri wáyà ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi bíréékà tirẹ̀ sí i, ó sì fi mítà kékeré tó ń ka ohun tí ọkọ̀ nìkan ń jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ọmọ Ìyá ẹlẹ́ja ló ń ka mítà kékeré náà, Àǹtí á sì san owó wọn níwájú gbogbo ilé. Wọ́n ti jáwọ́ nínú ṣájà oníáńpù 32 ní tiwọn. Áńpù 10 láti aago 11 alẹ́ sí 4 ìdájí tó fún kìlómítà 40.

Àmúrelé

1. Bí fọ́ltì bá wálẹ̀ sí 180, tí áńpù sì jẹ́ 10, wákàtí mélòó ni yúnìtì 11 yóò gbà? (Ìdáhùn: ó lé díẹ̀ ní 6.)
2. Ka mítà ilé yín ní alẹ́ àti ní òwúrọ̀. Kí ló jẹ ìyàtọ̀ náà nígbà tí ẹ sùn?
3. Ṣàlàyé yúnìtì fún àgbàlagbà kan nílé láìsọ òyìnbó. Bí ó bá rú u lójú, táǹkì omi nìkan kọ́ ni àpẹẹrẹ tó wà. Wá òmíràn, kí o sì fi ránṣẹ́ sí wa.