Ọṣẹ àti Bọ́tà Nínú Ilé Kan: Ìtàn Unilever

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń ya ènìyàn lẹ́nu pé ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ń se ọṣẹ ìfọṣọ, òun náà ni ó sì ń ṣe bọ́tà tí a ń fi sí búrẹ́dì. Ìyàwó ilé tí ó bá se ọṣẹ àti ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan yóò gbọ́ ti ẹnu ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí rẹ̀, a ó rí i pé ìkòkò kọ́ ni ọṣẹ àti bọ́tà jọ ń lò, epo ni.

Ní ọdún 1884, William Lever, ọmọ oníṣòwò oúnjẹ kan ní ìlú Bolton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi orúkọ Sunlight sílẹ̀ lábẹ́ òfin fún ọṣẹ tí yóò máa tà. Láyé ìgbà náà, ọlọ́jà a máa gé ọṣẹ lára ìtì gígùn, a sì wọ̀n ọ́n fún oníbàárà. Lever gé tirẹ̀ ní kékeré, ó tẹ orúkọ sí i lára, ó sì fi ìwé wé e. Ọgbọ́n yìí ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Lifebuoy tẹ̀ lé e ní 1894, Lux sì gba orúkọ rẹ̀ ní 1900.

Ọ̀nà tí a ń gbà se ọṣẹ kò ṣàjèjì sí àwọn ìyá àgbà ilẹ̀ Yorùbá. Omi eérú tí wọ́n sẹ́ ni wọ́n ń pò mọ́ àdí, tí wọ́n sì ń sè títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, sódà ni ó rọ́pò omi eérú. Bí sódà àti epo bá ti jà tán, ọ̀tọ̀ ni ọṣẹ, ọ̀tọ̀ ni gílísárìn, omi dídùn tí ó ki, tí àwọn apòògùn ń rà. Kò sí ohun tí ó ṣòfò.

Ní ilẹ̀ Nẹ́dálàǹdì, ìdílé Jurgens àti Van den Bergh ń ṣe màgaríìnì, bọ́tà tí ará Faransé kan ṣe àwárí rẹ̀ ní 1869 fún àwọn tí agbára wọn kò ká bọ́tà màlúù. Ọ̀rá ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá rí ọgbọ́n tí ń sọ epo ṣíṣàn di dídì, àdí àti epo ẹ̀pà pẹ̀lú wúlò fún un. Ìgbà yìí ni ọlọ́ṣẹ àti oníbọ́tà wá ń du epo kan náà lọ́jà. Lever pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe màgaríìnì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó kú ní 1925. Ní 1929, àwọn tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún bá àwọn ará Nẹ́dálàǹdì ṣe àdéhùn, Unilever sì bẹ̀rẹ̀ ní 1930.

Níbo ni epo ti ń wá? Ní Nàìjíríà, ọwọ́ àgbẹ̀ àti obìnrin tí ń fọ́ èkùrọ́ ni. Lever bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀ tí òun yóò gbin ọ̀pẹ sí níbẹ̀, wọ́n kọ̀. Ó kọjú sí Kóńgò ní 1911, níbi tí ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù ti fún un ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Níbẹ̀ ni a ti fi ipá mú àwọn ọkùnrin gun ọ̀pẹ fún owó tí kò tó nǹkan. Wọn kì í kọ irú èyí sára ìwé tí a fi ń wé ọṣẹ.

Ní 1923, ilé-iṣẹ́ Lever fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà láti máa se ọṣẹ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Blue Band, Omo, Close-Up, Royco àti tíì Lipton dara pọ̀ mọ́ ọṣẹ lórí igbá àwọn ìyá ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ní 2018, Unilever ta iṣẹ́ màgaríìnì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ó di 2023, tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún gééré, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun yóò ṣíwọ́ ṣíṣe Omo, Sunlight àti Lux ní Nàìjíríà. Ohun èlò ọbẹ̀ àti ọṣẹ ìfọyín wà lára ohun tí ó ní òun yóò gbájú mọ́.