Bátìrì Ọkọ̀ Nínú Òtútù: 'Kú' àbí 'Lọ́ra'?

Ọkọ̀ àmúlùmálà ni èyí tí ó ń fi epo àti iná mọ̀nàmọ́ná rìn. Bí a bá ń fi wáyà fa iná sínú bátìrì rẹ̀, a lè pè é ní àmúlùmálà agbanására (a + gba + iná + sí + ara).

Ní ìgbà òtútù ní Nọ́wè, iná bátìrì kì í gbé ọkọ̀ yìí jìnnà bíi ti ìgbà ooru. Òtútù ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà inú bátìrì lọ́ra. Ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ gbóná sì ń jẹ lára iná rẹ̀. Bátìrì náà kò kú. Ó lọ́ra ni.

Ẹni tí ó bá kà pé bátìrì kú yóò wá òmíràn rà. Ẹni tí ó bá kà pé ó lọ́ra yóò kọ́kọ́ mú ọkọ̀ gbóná kí ó tó yọ wáyà, kí iná ilé lè ṣe iṣẹ́ náà.