Ìgbẹ́ Gbuuru Ọmọdé: Ẹ Ṣe Èyí, Ẹ Má Ṣe Ìyẹn

Bí inú ọmọ bá bàjẹ́, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ ló ń bá ìgbẹ́ náà jáde. Kí omi tán lára ọmọ ló ń yára pa á. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ máa wá bí ìgbẹ́ yóò ṣe dá; omi tó ń lọ ni kí ẹ máa dá padà.

Ẹ ṢE

• Ẹ bẹ̀rẹ̀ ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà inú pákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń po mọ́ omi, láti orí ìgbẹ́ olómi àkọ́kọ́. Ẹ ka ara pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí wọ́n bá ní lítà kan, píọ̀ wọ́tà 50cl méjì ló pé lítà kan. Ẹ má dín omi rẹ̀ kù, ẹ má sì fi ṣúgà kún un. Bí wákàtí 24 bá kọjá, ẹ da ìyókù nù.

• Bí ORS kò bá sí nítòsí, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ lítà omi mímọ́ kan. Ẹ fi ọ̀bẹ gé èyí tó ga lórí ṣíbí kúrò, kó tẹ́jú. Kí ẹ tó fún ọmọ, ẹ tọ́ ọ wò: bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn.

• Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 yóò mu 50 sí 100 mílílítà. Èyí tó ti pé ọdún 2 yóò mu 100 sí 200. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ní ṣíbíṣíbí.

• Ẹ fún un ní oògùn zinc fún ọjọ́ 10 sí 14, bí ìgbẹ́ tilẹ̀ ti dá: 20 mg lójúmọ́ fún ọmọ oṣù 6 sókè, 10 mg fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀.

• Ẹ máa fún un lọ́mú léraléra. Bó bá ti ń jẹun, ẹ fún un ní ògì tí ẹ fi sóyà tàbí edé lílọ̀ sí, díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà.

• Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá nu ìdí rẹ̀, àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ẹ MÁ ṢE

• Ẹ má fi omi du ọmọ nítorí kí ìgbẹ́ lè gbẹ.

• Ẹ má fún un ní Flagyl, tẹtira tàbí oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, àfi bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ lò ó.

• Ẹ má rọ ọ́ lágbo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ má sì fún un ní ẹ́níímà. Ńṣe ni wọ́n tún ń fa omi jáde.

• Ẹ má fi mínírà tàbí mọ́ọ̀tì rọ́pò ORS. Ṣúgà wọn pọ̀ jù, ó sì ń mú kí ìgbẹ́ le sí i.

• Ẹ má ní "eyín ló ń hù" kí ẹ wá káwọ́ gbera. Eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbà tí eyín ń hù náà ni ọmọ ń rá, tó ń ki gbogbo ohun tó bá rí lórí ilẹ̀ bọnu.

Ẹ GBÉ E LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN KÍÁKÍÁ

Bí ojú tàbí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá jìn. Bí kò bá tọ̀ fún wákàtí 6. Bó bá ń sunkún tí omijé kò jáde. Bó bá ń bì gbogbo ohun tó mu. Bí kò bá lè mu nǹkan kan. Bó bá rẹ̀ ẹ́ tó ń sùn ṣáá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí bí ìgbẹ́ bá dà bí omi ìrẹsì. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, kí ẹ sì fi í sílẹ̀: bí kò bá padà lójú ẹsẹ̀, omi ti dín lára rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 kò gbọdọ̀ dúró nílé rárá. Ẹ máa fún un ní ORS tàbí ọmú lójú ọ̀nà.

Láti ọdún 2022 ni àjẹsára rotavirus, kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, ti wọ ètò àjẹsára Nàìjíríà. Ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹ rí i pé ọmọ yín gbà á, kí ẹ sì ra ORS àti zinc sílé kó tó di òru tí kẹ́míìsì yóò ti tì.