Ohun tí Ìmọ́lẹ̀ àti Ihò Ara Ẹ̀rọ BVAS ń Sọ fún Olùdìbò

Ète ẹ̀kọ́: Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, olùdìbò tuntun yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ tó ń sinmi, ẹ̀rọ tí kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ẹ̀rọ tó bàjẹ́.

Àìmọ̀kan ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ní ibùdó ìdìbò, àìmọ̀kan ló ń mú kí ẹnìkan pariwo èrú nígbà tí ojú ẹ̀rọ bá ṣókùnkùn, tí ẹlòmíràn yóò sì padà sílé láìdìbò.

1. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà
Láti ọdún 2021 ni àjọ INEC ti ń fi BVAS dá olùdìbò mọ̀. Òṣìṣẹ́ yóò fi ẹ̀rọ yẹ káàdì ìdìbò wò, tàbí kí ó tẹ nọ́ḿbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ḿbà ìdánimọ̀ olùdìbò. Lẹ́yìn èyí ni olùdìbò yóò gbé ìka lé e. Bí ẹ̀rọ kò bá dá ìka mọ̀, bíi ti àgbẹ̀ tí ọkọ́ ti pa ilà ọwọ́ rẹ̀ rẹ́, a ó fi ojú rẹ̀ dá a mọ̀. BVAS kì í ka ìbò: orí ìwé ni a ń tẹ̀ka sí, ọwọ́ ni a sì fi ń kà á.

2. Ìmọ́lẹ̀ àti àmì
Ojú tó ṣókùnkùn: Ẹ̀rọ lè pa ojú dé láti tọ́jú iná bátìrì. Èyí nìkan kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́.

Àmì bátìrì: Ó ń sọ iye iná tó kù, kò sọ ohunkóhun nípa ìbò.

Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Ẹ̀rọ lè dá olùdìbò mọ̀ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí pé àkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò ibùdó náà ti wà nínú rẹ̀. Fífi àwòrán èsì ránṣẹ́ sórí IReV ló nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nínú ìdìbò ààrẹ ti 25 Oṣù Kejì 2023, àwọn ènìyàn dìbò, ṣùgbọ́n àwòrán èsì pẹ́ kí ó tó dé orí IReV. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

3. Ihò wáyà
Ihò USB tí iná ń gbà wọlé lè gba dátà wọlé, kí ó sì gbé e jáde. Nítorí náà, olùdìbò kò gbọdọ̀ bẹ òṣìṣẹ́ pé kí ó bá òun fi fóònù gba iná lára rẹ̀. Bí ó bá rí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìdìbò tó ń ki ohunkóhun bọ̀ ọ́, kí ó sọ fún alábòójútó ibùdó lójú àwọn aṣojú ẹgbẹ́. Kí ó má ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ já a.

4. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ṣẹ́
Kí olùdìbò dúró lórí ìlà. Nígbà tí Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ń ṣiṣẹ́, Abala 47 rẹ̀ sọ pé bí ẹ̀rọ bá kọ̀ṣẹ́, tí a kò sì gbé òmíràn wá, kí a fagi lé ìdìbò ibùdó náà. Ó ní kí a tún un ṣe láàárín wákàtí 24, bí ó bá dá INEC lójú pé èsì ibùdó náà lè nípa gidi lórí èsì gbogbo ìdìbò. Ẹni tó mọ èyí kò ní jẹ́ kí àhesọ lé òun kúrò lórí ìlà.

Ìbéèrè
1. Kí ni BVAS lè ṣe láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?
2. Èé ṣe tí a kò fi gbọdọ̀ ki fóònù bọ ihò rẹ̀?
3. Ta ni olùdìbò yóò kọ́kọ́ sọ fún bí ó bá rí ohun àjèjì?