Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí láti orí ohun tí ojú gbogbo wa ti rí. Ní àwọn àkókò kan nínú ọdún, bí oòrùn bá ti wọ̀ tán, ohun kan a máa tàn yanran ní ìwọ̀-oòrùn kí ìràwọ̀ kankan tó yọ. Àgùàlà ni àwọn baba wa ń pè é. Nítorí pé wọ́n máa ń rí i lẹ́bàá òṣùpá, àwọn kan ní ajá òṣùpá ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà fi òwe já wọn nírọ́. Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ. Àgùàlà kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀. Òun ni èdè Lárúbáwá ń pè ní Zuhara, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Venus, ọ̀kan nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tí ń yí oòrùn po. Kò ní ìmọ́lẹ̀ ti ara rẹ̀. Ti oòrùn ni ó ń dá padà sí wa.

Mẹ́jọ ni a wí o. Bí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tó pè wọ́n ní mẹ́sàn-án, ọdún 2006 ni àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé yọ Pluto kúrò nínú wọn. Márùn-ún ni ojú lásán ti rí láti ayébáyé, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé Lárúbáwá: Utarid, Zuhara, Mirrikh, Mushtari àti Zuhal. Awò ni wọ́n fi mọ Uranus ní 1781 àti Neptune ní 1846. Ẹ̀kẹjọ ni ayé tí a wà lórí rẹ̀ yìí.

Bí wọ́n ti jìnnà síra ni kì í tètè yé ọmọ iléèwé. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà wọ̀n ọ́n, èyí tó tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Ẹ gbà pé Ọjà Ọba ní Òṣogbo ni oòrùn wà, tí ó fẹ̀ tó mítà 9, bí ilé kékeré kan. Bí ẹ bá rin 400 mítà, ẹ ó bá Utarid. Ní 700 mítà, Àgùàlà. Ayé wa, tòun ti òkun rẹ̀ àti gbogbo ìjà ilẹ̀ tí à ń jà lórí rẹ̀, wà ní kìlómítà 1 géérégé, kò sì ju ọsàn kékeré kan lọ. Òṣùpá ńkọ́? Bí ẹyìn ọ̀pẹ kan ni, mítà méjì àbọ̀ péré ló fi jìnnà sí ọsàn náà. Mirrikh wà ní kìlómítà kan àbọ̀. Mushtari tó tóbi jù, tí ayé tó lé ní 1,300 lè wọ inú rẹ̀, wà ní kìlómítà 5, síbẹ̀ kò fẹ̀ tó mítà kan. Zuhal olóbìírípo wà ní kìlómítà 9 àbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà ṣófo títí dé Uranus ní kìlómítà 19. Iléṣà ni Neptune wà.

Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá ń gba ọ̀nà yìí lọ, bí ẹni tó ń fi ìkánjú rìn ni yóò rí: ìṣẹ́jú 8 dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n bí ó bá kúrò ní Ọjà Ọba ní aago méjì ọ̀sán, aago mẹ́fà á ti kọjá kí ó tó wọ Iléṣà. Ìràwọ̀ tó súnmọ́ oòrùn jù kò sí ní Nàìjíríà rárá. Ẹ ó ti rìn yí ayé po ju ìgbà mẹ́fà lọ kí ìrìn yín tó tó ibẹ̀.

Ẹ wá padà sọ́dọ̀ Àgùàlà. Ó súnmọ́ oòrùn jù wá lọ, nítorí náà kì í rìn jìnnà sí i lójú wa. Lẹ́yìn Mọ̀gàríbà tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́ ni à ń rí i. Ẹnikẹ́ni kò rí i láàrin òru ní ilẹ̀ wa rí. Òṣùpá ń yí ayé po láàrin nǹkan bí ọjọ́ 27. Àgùàlà ń fi ọjọ́ 225 yí oòrùn po. Òṣùpá kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni, bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti fi í sílẹ̀. Ooru ibẹ̀ yọ́ òjé, ìwọ̀-oòrùn sì ni oòrùn ti ń yọ níbẹ̀. Ohun tí a kà sí àmì Ọjọ́ Ìkẹyìn lọ́dọ̀ wa, ìṣe rẹ̀ ni lọ́hùn-ún!

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù ni alẹ́ ọjọ́ 29 Ṣàábánì. Ẹlòmíràn a nawọ́ sí ohun tó ń tàn, a ní oṣù ti lé, àwọn ènìyàn a sì gba ààwẹ̀ lé e lórí. Ojú kan ṣoṣo tó ń tàn ni Àgùàlà. Oṣù tuntun jẹ́ ìlà tín-ín-rín bí òwú, kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ìwo rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè bí ọkọ̀ ojú omi, kì í sì í pẹ́ wọ̀. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òkè tilẹ̀ lè dí i. Ibi tí ìwọ̀-oòrùn bá ti là gbangba ni kí ẹ dúró sí.

Ẹni tó mú awò ọ̀nà jíjìn lọ́wọ́ ló ń dẹ́rù bà wá jù. Bí Àgùàlà bá ń bọ̀ láàrin àwa àti oòrùn, inú awò ni yóò ti rí gẹ́gẹ́ bí oṣù tuntun pẹ̀lú ìwo méjì. Galileo rí i bẹ́ẹ̀ ní 1610. Ẹni náà lè búra, kò sì purọ́. Ohun tí a ó bi í ni pé kí ni ó fi ojú lásán rí níbẹ̀, nítorí òṣùpá fẹ̀ lójú wa ju Àgùàlà lọ ní ìlọ́po 25 ó kéré tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2004, Àgùàlà gba iwájú oòrùn kọjá bí ẹ̀kán dúdú kékeré, ó sì ṣeé rí láti ilẹ̀ wa. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2012, ṣùgbọ́n òru ni lọ́dọ̀ wa. Oṣù Kejìlá ọdún 2117 ni yóò tún ṣe é.