Má Yọ Iṣẹ́ Ẹnikẹ́ni Láìrí Ìwé

Àkànní, ọmọ àbúrò mi,

Màmá rẹ sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ tó ń gbé fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí o ń bá ṣiṣẹ́ l'Onitsha, ti ní kí o máa gba ẹ̀sùn àwọn tó ní wọ́n gbé iṣẹ́ àwọn síbẹ̀ láìgbàṣẹ, kí o sì máa pinnu èyí tí ẹ ó yọ. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ mo fẹ́ kí o mọ̀ pé oúnjẹ ẹlòmíì ni wọ́n kó lé ọ lọ́wọ́ yẹn.

Ìlú tí o wà ti pẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìwé pélébé Onitsha ń tà wàràwàrà, kí ogun Biafra tó dé, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló ń ta ohun tó kọ fún òǹtẹ̀wé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ní rí kọ́bọ̀ mọ́ bó ti wù kí ìwé náà tà tó. Nígbà tó yá, Iweka Road níbẹ̀ di ojúkò fíìmù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ Living in Bondage tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní 1992. Ọ̀pọ̀ yín ni kò mọ̀ pé ó ti kọ́kọ́ náwó sórí fíìmù Yorùbá. Kásẹ́ẹ̀tì là ń tà nígbà náà, fídíò sídì ló tẹ̀lé e. Mo wà níbẹ̀, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń ṣàdéhùn: máàkẹ́tà á ka owó sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe fíìmù, wọ́n á já rìsíìtì kékeré kan, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí. Ta ló mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì ń bọ̀?

Ibẹ̀ ni wàhálà rẹ máa ti wá. Ẹni tó ṣe fíìmù á kọ̀wé láti Súrùlérè pé òun lòun ni ín. Máàkẹ́tà Iweka Road á fi rìsíìtì 1998 hàn ọ́. Àwọn méjèèjì á máa bínú, á sì dá àwọn méjèèjì lójú pé òótọ́ làwọn ń sọ. Béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Òfin wa sọ pé ẹni tó ṣètò bí fíìmù ṣe di ṣíṣe ló ni ín, àfi tí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ní wọ́n ta ẹ̀tọ́ náà fún òun pátápátá, tàbí pé òun nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún, ó gbọ́dọ̀ ní in ní kíkọ sílẹ̀. Àdéhùn ẹnu lè fún ènìyàn láyè láti tà, ṣùgbọ́n kò fún un lágbára láti lé ẹlòmíì kúrò lọ́jà. Lójú tèmi, rìsíìtì owó kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìwé tí a fi ta fíìmù.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé fíìmù àtijọ́ ti di ti gbogbo ayé. 50 ọdún ni òfin fún fíìmù lẹ́yìn ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Living in Bondage ṣì ní ẹni tó ni ín títí 2042 á fi parí. Ìdí nìyí tí Ramsey Nouah àti Charles Okpaleke fi kọ́kọ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé fíìmù tó tẹ̀lé e, Breaking Free, jáde ní 2019. Ẹni tó ni fíìmù sì lè má ni orin tó ń dún nínú rẹ̀. Orin ìbílẹ̀ lè jẹ́ ti gbogbo wa, síbẹ̀ ẹni tó gbà á sílẹ̀ ló ni ohùn tó gbà sílẹ̀ yẹn.

Òfin Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ. Kí ẹ̀sùn wà ní kíkọ, kí ó sọ iṣẹ́ náà àti ibi tó wà gan-an. Kí o tètè fi tó ẹni tó gbé e síbẹ̀ létí. Ó ní ọjọ́ 10 láti fèsì. Tí kò bá ní àlàyé, ẹ yọ ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn kan wà tó ń fi ẹ̀sùn ṣe ohun ìjà: lórí YouTube, ẹ̀sùn mẹ́ta tó bá fìdí múlẹ̀ láàárín 90 ọjọ́ lè pa ìkànnì ènìyàn rẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó láti gbógun ti ẹni tó ń bá wọn du ọjà. Òfin kọ́píráìtì Amẹ́ríkà ti 1998, tí YouTube ń tẹ̀lé, máa ń mú ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nínú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n má torí ìyẹn dá ẹ̀sùn tòótọ́ dúró. O ṣáà mọ bí àwọn páírétì ṣe kó fíìmù October 1 ti Kunle Afolayan. Owó ìpolówó fíìmù tí wọ́n jí gbé ń wọ àpò olè ní gbogbo ọjọ́ tí o bá fi dá ìwé dúró sórí tábìlì, gbèsè sì ń gorí gbèsè fún ẹni tó yáwó ṣe é. Ọjọ́ tí ẹ̀sùn bá dé ni kí o kọ lẹ́tà sí ẹnì kejì.

Tí ọ̀rọ̀ ẹni méjì bá le ju ohun tí ìwé lè parí lọ, má sọ ara rẹ di adájọ́. Sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bá Nigerian Copyright Commission, tàbí kí wọ́n gbé e lọ Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, ibẹ̀ ni ẹjọ́ kọ́píráìtì ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì fún ọ lówó, èyí tó wù kí wọ́n pè é, dá a padà lójú ẹlẹ́rìí, kí o kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn náà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.