Bí Save Bá Dákẹ́, Ẹ Bi Í Léèrè

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi Rails kọ ìkànnì, bí ẹ bá pe save, tí nǹkan kan kò wọ inú database, tí kọ̀ǹpútà kò sì sọ nǹkan kan, ẹ má tíì tú kóòdù yín palẹ̀. Save kì í pariwo. Bí ohun tí ẹ fún un kò bá yege àyẹ̀wò, false ni yóò dá padà, á sì panu mọ́. Ẹ pe save! dípò rẹ̀, òun ni yóò figbe ta. Lẹ́yìn náà, ẹ wo errors.full_messages, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Bí ẹ bá rí "User must exist" níbẹ̀, ẹ rántí pé láti ìgbà Rails 5, lọ́dún 2016, belongs_to kì í gba ọmọ tí kò ní bàbá. Bí errors bá ṣófo, ẹ yẹ before_save wò: bóyá throw :abort ló dínà. Bí ohun tí ẹ fi pamọ́ bá wọ inú database, ṣùgbọ́n tí àyè kan ṣófo, ẹ ka log. "Unpermitted parameter" túmọ̀ sí pé ẹ kò fi orúkọ àyè náà sínú permit.

Ẹ má fi ìkánjú lo update_column dípò save. Kì í ṣe àyẹ̀wò kankan. Ìdọ̀tí tó bá kó wọlé, ẹ̀yin náà ni ẹ máa gbá a. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.